Ṣé ikọ́ ẹ̀gbẹ àtijọ́ lè di jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró?

Ọmọ Kétu:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Nítorí ìyá mi ni mo ṣe kọ̀wé. Ikọ́ ẹ̀gbẹ mú wọn ní 2012; wọ́n lo oògùn oṣù 6 pé, ara wọn sì yá. Wọn ò mu sìgá rí, ṣùgbọ́n gààrí ni wọ́n ń yan láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ikọ́ ti tún dé báyìí, ó ti di ọ̀sẹ̀ 6. Lánàá mo jókòó tì wọ́n nídìí agbada: wọ́n á rò ó díẹ̀, wọ́n á fi èéfọ́ igbá sílẹ̀, wọ́n á di ìhà ọ̀tún mú, wọ́n á wúkọ́ títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ra ámọ́pìsílìnì, oògùn apakòkòrò, fún wọn lọ́jà. Ó ń rọlẹ̀, ó tún ń padà. Aládùúgbò wa kan wá ní ikọ́ àtijọ́ yẹn ló ti di jẹjẹrẹ. Mi ò rí oorun sùn. Ṣé òótọ́ ni?

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́:
Ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Ikọ́ ẹ̀gbẹ kì í di jẹjẹrẹ bí ògì ṣe ń di ẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n aládùúgbò yín ò parọ́ tán. Bí oògùn tilẹ̀ pa kòkòrò náà, àpá rẹ̀ máa ń wà nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ibi tó wú, tó jinná, tó tún wú, ara á máa tún un ṣe léraléra, àṣìṣe sì lè wọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fi ga díẹ̀ lára ẹni tó ti ní ikọ́ ẹ̀gbẹ rí, kódà tí kò bá mu sìgá. Ọ̀pọ̀ wọn ò ní ní jẹjẹrẹ láéláé o. Sìgá ṣì ni olórí ọ̀ràn. Èéfín igi ìdáná náà kì í ṣe ọ̀rẹ́.

Ámọ́pìsílìnì yẹn ló já mi láyà. Òtútù àyà tó bá ń padà sójú kan náà, nígbà mìíràn kókó jẹjẹrẹ ló dí ọ̀nà afẹ́fẹ́ níbẹ̀, tí kòkòrò fi ń ríbi ba sí. Oògùn á lé kòkòrò, kókó á wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn wò lọ́sẹ̀ yìí, nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ fúnra rẹ̀ lè padà, ọ̀fẹ́ sì ni oògùn rẹ̀ nílẹ̀ wa níbí. Kí wọ́n ya fọ́tò àyà pẹ̀lú. Tí ti àtijọ́ bá wà, ẹ mú un dání kí dókítà fi wé tuntun.

Ìyá Ìbejì, Ṣábẹ:
Ẹ má fi falẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Oṣù 4 ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fi ń lo oògùn òtútù àyà. Nígbà tí a fi máa gbé wọn dé Kútọnu, jẹjẹrẹ ti ràn dé egungun.

Ọmọ Kétu:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti rí fọ́tò 2012 náà nínú àpótí wọn, lábẹ́ aṣọ òkè. A ń lọ lọ́la.