Òpó Cutty Sark mi ń tẹ̀, ìyàwó mi sì ń bèèrè tábìlì rẹ̀

Ọmọ Alárè ní Woolwich
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, ẹ gbà mí. Àwòṣe onike ńlá ti Cutty Sark, ọkọ̀ ìgbòkun àtijọ́ nì, ni mò ń tò, ìwọ̀n 1:96 (ìdá kan nínú 96 ti ojúlówó), èyí tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta láti imú dé ìdí. Orí tábìlì ìjẹun ló wà nítorí kò sí àyè níbòmíràn nínú fúláàtì wa, ó sì ti di ẹjọ́. Ìyàwó mi ní láti ọdún Àjíǹde làwọn ti ń gbé àwo lé itan jẹun. Àbúrò rẹ̀ wá kí wa, ó gbé ife tíì lé orí dẹ́ẹ̀kì, ó ní òun ò mọ̀ pé nǹkan gidi ni. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Dagenham ń pè mí ní "Ọ̀gá Ìṣeré" níṣojú àwọn ọmọ mi. Ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù láàárọ̀ títí dalẹ́ kò ṣeré o, èmi ni mò ń ṣeré.

Kì í ṣe pé mo kù gììrì wọ̀ ọ́. Mo fi omi ọṣẹ fọ gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ kí n tó fi ọ̀dà kàn án, torí epo tó máa ń kù lára ike látinú mọ́ọ̀dù. Mo lọ wo ojúlówó ọkọ̀ náà ní Greenwich, mo ya fọ́tò títí ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ fi wá bi mí bóyá mo sọ nǹkan nù. Mo ti kun ara ọkọ̀ tán. Ilé orí dẹ́ẹ̀kì ti dúró, ìdákọ̀ró ti wà nípò rẹ̀.

Òpó tí ìgbòkun ń wà lára rẹ̀ ló fẹ́ pa mí. Bí mo bá so okùn mọ́ òpó àárín, tí mo fà á kó le, òpó á tẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Bí mo bá fa ti òdìkejì, èyí tí mo kọ́kọ́ so á dẹ̀. Ti iwájú tiẹ̀ ti fẹ̀gbẹ́ sọ́tùn-ún bí ẹni tó ń yọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ aládùúgbò. Mo ti tú u, mo tún un so, mo tún tú u. Oṣù Kejìlá ò sì ní dúró dè mí. Kí ni ṣíṣe?

Bàbá Tọ́lá
Ẹ pẹ̀lẹ́. Irú òwú wo lẹ ń lò? Òwú ìránṣọ tó jẹ́ òwú oko gidi máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, á le lónìí, á dẹ̀ lọ́la. Ẹ ra ti poliẹ́sítà. Èyí tẹ́ ẹ bá sì lò, ẹ kọ́kọ́ fà á kọjá nínú ìda oyin kí irun ara rẹ̀ lè sùn, torí irun yẹn ni eruku máa ń gùn.

Káfíńtà Ẹ̀gbá
Ẹ sọ òpó ike nù. Mo ti sọ ọ́ níbí yìí títí ẹnu ń bó mi. Ẹ ra igi róbótó, ẹ fi sáńpépà fá a kó máa tín-ín-rín lọ sókè, ẹ kùn ún. Ike tín-ín-rín tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan àtààbọ̀, tẹ́ ẹ wá so okùn mọ́ lọ́tùn-ún lósì, kí lẹ retí kó ṣe?

Ajíbọ́lá Leeds
Káfíńtà, gbogbo nǹkan kọ́ la ń fi igi ṣe. Bí òpó bá jẹ́ ìlàjì méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, irin idẹ tín-ín-rín ni kéèyàn tẹ́ sáàárín kó tó lẹ̀ ẹ́. Kò ní tẹ̀ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Alárè, ẹ tiẹ̀ ṣeun tẹ́ ẹ dé ibi okùn. Victory, ọkọ̀ ogun àtijọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí iléeṣẹ́ Heller ṣe àwòṣe rẹ̀, ni tèmi, ẹ̀yà rẹ̀ ju 2,000 lọ. Ìgbà tí ìyàwó mi lóyún àkọ́bí wa ni mo ṣí páálí rẹ̀, ọmọ náà ti wọ yunifásítì báyìí. Mo kun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní yẹ́lò tó ń tàn bí wọ́n ṣe máa ń kùn ún láyé ìgbà yẹn. Nígbà tó di 2015, àwọn tó ń tọ́jú ojúlówó ní Portsmouth ti họ ọ̀dà àtijọ́ wò ní ìpele ìpele, wọ́n bá tún un kùn ní àwọ̀ tí wọ́n gbà pé ó ní nígbà ogun Trafalgar lọ́dún 1805, àwọ̀ yẹn ṣá, ó sì ń fa pupa díẹ̀. Mo wo tèmi, mo wo fọ́tò tuntun, mo bá gbé e padà sínú páálí.

Sístà Àṣàkẹ́
Ìbéèrè kan ni tèmi. Ṣé ẹ ti lẹ ìdí òpó, àbí ẹ kàn kì í bọ ihò?

Lórí sísopọ̀: ìsàlẹ̀ lẹ ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ ò gbọ́dọ̀ ti òkè. Ẹ so méjì lọ́tùn-ún, ẹ so méjì lósì, bẹ́ẹ̀ lẹ máa ṣe lọ, ẹ má parí ẹ̀gbẹ́ kan kẹ́ ẹ tó bọ́ sí ìkejì. Ẹ má sì fà á bí ìlù. Kó ṣáà ti nà tán, ó ti tó.

Ọmọ Alárè ní Woolwich
Ẹ ṣé gan-an. Bàbá Tọ́lá, poliẹ́sítà ni mò ń lò. Dúdú ni àwọn okùn tó di òpó mú, torí ọ̀dà ni wọ́n fi ń pa irú wọn kí omi má bà á jẹ́. Èyí tí wọ́n fi ń tu ìgbòkun ni mo fi àwọ̀ ilẹ̀ ṣe. Ajíbọ́lá, irin ti wà nínú òpó mi látilẹ̀. Káfíńtà, mi ò sọ nǹkan tí mo fowó rà nù. Ìgbòkun ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà nínú páálí nìkan ni mi ò ní lò, ó ń dán ju bó ṣe yẹ lọ. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà rèé nínú fọ́tò, àwọ̀ idẹ ni mo kùn ún.

Ẹ̀gbọ́n Àdúgbò
Idẹ kẹ̀? Bàbà ló yẹ kí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ jẹ́. Bàbà ni wọ́n fi ń bo ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kí kòkòrò omi má baà jẹ igi rẹ̀. Ẹ tún un kùn.

Ajíbọ́lá Leeds
Ẹ̀gbọ́n, àwọn míì lẹ ń sọ. Ti Victory ni bàbà. Irin Muntz ni ti Cutty Sark, bàbà 60 nínú 100, síńkì 40, ìyẹn sì ni idẹ. Ó yẹ kẹ́ ẹ ti rí i ní Greenwich, àbí ẹ ò gba abẹ́ rẹ̀ kọjá rí?

Ẹ̀gbọ́n Àdúgbò
Mo ti ń gbé London kí wọ́n tó bí ẹ. Mo dé Greenwich kí iná tó jó ọkọ̀ náà ní 2007. Kò tàn yòò bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Ọkọ̀ tí wọ́n sọ sómi ní Dumbarton lọ́dún 1869, tó fi ọdún gbáko gbé tíì láti Ṣáínà àti irun àgùntàn láti Ọsirélíà, ṣé yóò máa dán bí ṣéènì ọrùn ìyàwó tuntun?

Ajíbọ́lá Leeds
Kó ṣú kó má ṣú, idẹ ni.

Ìyá Ìbejì Thamesmead
Ọ̀rọ̀ idẹ àti bàbà lẹ wá ń jà lé lórí, ẹnikẹ́ni ò rí obìnrin tó ń jẹun lórí itan. Ẹ̀yin Ọmọ Alárè, ẹ ra pákó kan tó gùn ju ọkọ̀ yín lọ díẹ̀, ẹ fi ìdè onískúrù de ọkọ̀ mọ́ ọn. Tó bá di àkókò oúnjẹ, ẹ gbé pákó lé orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹja ni tọkọ tèmi, ilé gíláàsì wọn kún ibi tó yẹ kí kíríbù wà. Èmi ni mo gbé e síta lọ́jọ́ tí mo bímọ dé.

Sístà Àṣàkẹ́
Ọmọ Alárè, ẹ dárúkọ gbogbo wa tán, ẹ ò dáhùn tèmi. Ìdí òpó. Ṣé ẹ lẹ̀ ẹ́?

Ọmọ Alárè ní Woolwich
Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó mi ò gbọdọ̀ rí ohun tẹ́ ẹ kọ yìí.

Sístà, mi ò lẹ̀ ẹ́, mo sì mọ ìdí tí mi ò fi lẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ yìí ń lọ sílé ni. Bàbá mi máa pé ẹni ọgọ́rin ọdún nínú oṣù Kejìlá ní Ìjẹ̀bú-Òde. Akọ̀wé ni wọ́n ní wáàfù Àpápá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, kò sí ọkọ̀ tó wọlé tí wọn ò lè sọ orúkọ rẹ̀ fún ẹ. Mo fẹ́ gbé e kalẹ̀ síwájú wọn lọ́jọ́ ayẹyẹ. Màá yọ àwọn òpó, màá fi aṣọ wé wọn, màá kó wọn sínú àpótí mi, tí mo bá délé màá kì wọ́n padà.

Káfíńtà Ẹ̀gbá
Yéè!

Sístà Àṣàkẹ́
Ẹ gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ. Òpó tí kò lẹ̀ nídìí, òun lẹ ń so okùn mọ́. Báwo ni kò ṣe ní tẹ̀ lé yín lọ́wọ́? Ọ̀rọ̀ òwú kọ́, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ike. Tẹ́ ẹ bá sì so okùn tán, ibo lẹ fẹ́ yọ òpó gbà? Ara dẹ́ẹ̀kì ni òpó kan so mọ́, ó so mọ́ òpó kejì, ó tún so mọ́ imú ọkọ̀. Ojúlówó tó wà ní Greenwich náà, ìgbà tí wọ́n fẹ́ tún un ṣe, wọ́n tú okùn kí wọ́n tó yọ òpó, òun nìyẹn tí iná 2007 ò fi bá òpó níbẹ̀.

Bàbá Tọ́lá
Kí wọ́n parí rẹ̀, kí wọ́n kan àpótí pákó fún un, kí wọ́n gbé e fún àwọn tó ń kó ẹrù lọ sílé nínú kọ̀nténà.

Káfíńtà Ẹ̀gbá
Kọ̀nténà tí oòrùn ń pa ní wáàfù, kí ike yẹn wà nínú rẹ̀? Tó bá débẹ̀, òpó tó tẹ̀ tẹ́lẹ̀ á di ìwọ̀.

Ìyá Ìbejì Thamesmead
Àwọn tó gba ẹrù lọ́wọ́ mi lọ́dún kan, fíríìjì ni wọ́n tò lé orí àpótí tí mo kọ "ẹ rọra" sí lára. Ẹ má gbé e fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Alárè ní Woolwich
Mi ò gbé e fún ẹnikẹ́ni. Mo ti fi pákó sínú ikùn ọkọ̀ kí n tó lẹ dẹ́ẹ̀kì, ìdè méjì á gba abẹ́ wọ inú rẹ̀. Ìyẹn dá mi lójú. Kí ọkọ̀ pé lọ́jọ́ ayẹyẹ ni mo ń fẹ́.

Sístà Àṣàkẹ́
Pákó inú ikùn yẹn dára, ẹ káre. Ẹ wá gbọ́. Òpó ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, igi kan ṣoṣo kọ́. Ti ìsàlẹ̀ wà, ti àárín gùn ún, ti òkè gun ìyẹn. Àwọn atukọ̀ gan-an máa ń sọ ti òkè kalẹ̀ bí ìjì bá le. Ẹ lẹ ti ìsàlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa, kó wọlé dé ìsàlẹ̀ ikùn ọkọ̀. Kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́, ẹ ta okùn kan láti imú dé ìdí, kẹ́ ẹ fi wò ó bóyá wọ́n tò tààrà. Tó bá gbẹ, ẹ so àkàbà okùn (okùn ẹ̀gbẹ́ tó di òpó mú) ti ìsàlẹ̀ nìkan. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ dúró sí. Ẹ má lẹ ọ̀pá imú ọkọ̀ rárá, ẹ kó o pọ̀ mọ́ òpó òkè àti àwọn ọ̀pá ìdábùú tí ìgbòkun ń so mọ́ sínú ike gígùn kan. Àpótí á kúrú, á sì rẹlẹ̀. Kẹ́ ẹ délé kí ayẹyẹ tó kù sí dẹ̀dẹ̀, kẹ́ ẹ parí òkè ní pálọ̀ bàbá.

Ọmọ Alárè ní Woolwich
Kí wọ́n wá rí i kó tó parí? Ìyẹn ò sí nínú ètò mi.

Bàbá Tọ́lá
Ẹni tó jẹ́ akọ̀wé ní wáàfù, tẹ́ ẹ ní kí wọ́n jókòó máa wo bẹ́ ẹ ṣe ń to òpó? Wọ́n á máa bá yín ṣírò rẹ̀ ni.

Ajíbọ́lá Leeds
Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Alárè, okùn ojúlówó Cutty Sark gùn tó máìlì 11. Kò sẹ́ni tó máa ka tiyín wò ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bí ti òkè ò bá pé, àwa nìkan la máa mọ̀.

Ọmọ Alárè ní Woolwich
Bàbá mi á kà á. Ẹ ò mọ̀ wọ́n.

Ó dáa. Mo ti lẹ òpó àárín nírọ̀lẹ́ yìí, mo ta okùn wò ó, ó dúró ṣánṣán. Ti iwájú ku ọ̀la. Pákó Ìyá Ìbejì ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Tí wọ́n bá bi mí nípa ti òkè, màá ní ìjì ló dé.

Ẹ̀gbọ́n Àdúgbò
Kí wọ́n tó kan àpótí yẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi bàbà kun ìsàlẹ̀ rẹ̀ o.