Bọ́ọ̀lù oníjà tàbí bọ́ọ̀lù wàràwàrà: orúkọ wo ló yẹ irú géèmù bíi NFL Blitz?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, ẹ kú iṣẹ́ o.

Àbá tí ó wà nílẹ̀ ni pé kí á máa pe irú géèmù bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà bíi NFL Blitz (NFL ni líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà) ní “bọ́ọ̀lù oníjà”, nítorí pé ìjà ni ojú kọ́kọ́ ń rí nínú rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó mú àbá náà wá, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn, nítorí pé bí a bá tọ ìtàn géèmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀, a ó rí i pé wọ́n yọ ìjà kúrò nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó kù díẹ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tí kò dá a mọ̀.

Ní 1997 ni ilé-iṣẹ́ Midway gbé e jáde lábẹ́ ìdarí Mark Turmell, ẹni tí ó ti ṣe géèmù bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n NBA Jam ṣáájú. Inú ẹ̀rọ gàgàrà tí à ń sọ owó sí ni ó wà nígbà náà. Nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà gan-an, ènìyàn 11 ni ó máa ń wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ìgbìyànjú mẹ́rin ni wọ́n sì ní láti gbé bọ́ọ̀lù síwájú ní yáàdì 10 kí wọ́n tó tún gba mẹ́rin mìíràn. Midway dín ènìyàn kù sí 7, wọ́n sọ yáàdì 10 di 30, wọ́n mú ìjìyà kúrò fún ẹni tó bá rú òfin, wọ́n sì fi ìdá kọ̀ọ̀kan nínú ìdá mẹ́rin eré náà sí ìṣẹ́jú méjì. Ẹ wo iṣẹ́ tí yáàdì 30 yẹn ń ṣe: kò sí ẹni tí ó lè máa fi yáàdì mẹ́ta-mẹ́ta rọra súnmọ́ ilé mọ́, àfi kí ó ju bọ́ọ̀lù jìnnà réré. Ibẹ̀ ni adùn eré náà wà. Lóòótọ́, òṣèré lè gbé alátakò rẹ̀ ṣánlẹ̀ lẹ́yìn tí fèrè ti dún, ṣùgbọ́n èyí kì í fún ẹnikẹ́ni ní àmì ayò.

Bí a bá sì ní kí á pè é ní “bọ́ọ̀lù àfowósí” nítorí ẹ̀rọ tí à ń sọ owó sí yẹn, ìyẹn náà kò lè dúró, nítorí pé láti 1998 ni géèmù yìí ti wọ PlayStation àti Nintendo 64, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í sọ owó sí nǹkan kan.

Ibi tí “oníjà” ti bá a mu jù ni 2005. Ní oṣù Kejìlá 2004, NFL fún EA (Electronic Arts), ilé-iṣẹ́ géèmù mìíràn, nìkan ní àṣẹ láti lo orúkọ ẹgbẹ́ àti àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀, Midway sì ní láti dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ láti inú àròsọ. Báyìí ni Blitz: The League ṣe jáde, pẹ̀lú egungun tó ń dá, oògùn tó ń fún ara lókun, àti ohùn Lawrence Taylor, ìlú mọ̀-ọ́n-ká nínú bọ́ọ̀lù náà. Ọsirélíà kò gbà kí wọ́n tà á nílẹ̀ wọn nítorí ọ̀rọ̀ oògùn yẹn. Ṣùgbọ́n gbèsè gbé Midway dé ilé ẹjọ́ ní 2009, orúkọ Blitz bọ́ sọ́wọ́ EA, nígbà tí wọ́n sì tún gbé NFL Blitz jáde ní 2012, wọ́n ti yọ ìgbénisánlẹ̀ lẹ́yìn fèrè kúrò. Ènìyàn 7 àti yáàdì 30, tí ó ń mú eré náà yá wàràwàrà, kò kúrò.

Nítorí náà, “bọ́ọ̀lù wàràwàrà” ni mo fara mọ́, kí á sì máa pe irú géèmù EA tí ń jẹ́ Madden NFL, tí ó ń tẹ̀lé òfin pápá ní ẹsẹ̀-ẹsẹ̀, ní “bọ́ọ̀lù àfarawé”. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ni wàràwàrà, pé kò yẹ kí ó máa yán ọ̀rọ̀ orúkọ, ṣebí gbogbo wa ni à ń sọ pé “ìpàdé pàjáwìrì”. Èyí tí mo ṣì ń wá ìrànlọ́wọ́ yín lé lórí ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a ó máa lò fún ìgbìyànjú mẹ́rin tuntun tí ẹgbẹ́ máa ń gbà nígbà tí wọ́n bá pé yáàdì náà. “Àǹfààní ọ̀tun” ni mo ní lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ti gbòòrò jù.