Kí la máa kọ nípa bàbá àgbà tó jẹ́ sọ́jà? Fìdáù ti sún mọ́

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun:
Ẹ kú ilé o. Bàbá tó bí bàbá wa ti re ibi àgbà ń rè. Sọ́jà ni wọ́n nígbà ogun abẹ́lé. Fìdáù ọjọ́ kẹjọ ku ọjọ́ márùn-ún, èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn fún ìwé tí a ó pín. Ohun tó wà nílẹ̀: ìwé ìfẹ̀yìntì tó ti ń ya níbi tí wọ́n ti ká a, mẹ́dà méjì, fọ́tò kan nínú férémù. Nọ́ńbà iṣẹ́ ológun wọn bẹ̀rẹ̀ láti 68NA. Ìtàn ilé ni pé wọ́n jà ní Orè, wọ́n sì wọ Òwérè. Kò sẹ́ni tó mọ ọdún tí wọ́n bí wọn. Ibo ni kí n ti mú un?

Bàbá Oníwèé:
Ẹ kú ìrójú, Ọlọ́hun á fi Àlùjáńnà kẹ́ bàbá. Ẹ mú un láti ibi nọ́ńbà yẹn. Nọ́ńbà méjì tó ṣáájú NA ni ọdún tí wọ́n wọṣẹ́: 1968. Ìjà Orè sì ti tán ní 1967. Oṣù kẹjọ ọdún yẹn ni àwọn Bìáfùrà gba Benin, tí wọ́n wá dé Orè. Nígbà tó fi di ogúnjọ́ oṣù kẹsàn-án, ìjọba àpapọ̀ ti gba Benin padà. Ẹni tó wọṣẹ́ ní 1968 kò lè bá wọn débẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé bàbá purọ́ o. Wọ́n lè ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀gá wọn, wọ́n sọ ọ́ fọ́mọ, ọmọ ní bàbá òun ló jà á.

Ti Òwérè ṣeé ṣe, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì ni ìjọba gba ìlú yẹn. Wọ́n gbà á ní oṣù kẹsàn-án 1968, Bìáfùrà gbà á padà ní oṣù kẹrin 1969, ó tún bọ́ sọ́wọ́ ìjọba ní oṣù kìíní 1970. Ẹ má kàn kọ "Òwérè" láìfi ọdún sí i. Ẹ wo ìwé wọn bóyá ẹ ó rí dífíṣọ̀n, ìyẹn ìpín ńlá ọmọ ogun, tí wọ́n wà. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ bi màmá àgbà pé ọ̀gá wo ni bàbá máa ń dárúkọ. Sọ́jà lè gbàgbé orúkọ ìlú, kì í gbàgbé orúkọ ọ̀gá. Bí ó bá jẹ́ Adékúnlé tàbí Ọbásanjọ́, dífíṣọ̀n kẹta nìyẹn, Marine Commando, tó jà ní Calabar, Port Harcourt, Òwérè. Murtala tàbí Haruna, ìkejì: Asaba, Onitsha. Shuwa, ìkíní: Nsukka, Enugu, Umuahia.

Ìyá Ìbejì Òkè-Fíà:
Ọjọ́ orí inú ìwé ológun, ẹ má gbára lé e. Ọmọ tí kò tó ń fi kún un kí wọ́n lè gbà á. Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ nílùú ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ṣé wọ́n ti bí wọn kí Ọba Adénlé, Àtáọ́ja Òṣogbo, tó gorí oyè ní 1944? Ṣé wọ́n wà lára àwọn tó wọ práímárì kìíní nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1955? Ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà yẹn, 1949 ni wọ́n bí i nìyẹn. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ kọ "ní nǹkan bí".

Ẹ má sì kọ pé láti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni wọ́n ti wọṣẹ́. Ọ̀ṣun ò sí títí di oṣù kẹjọ 1991. Western State ni 1968. Nínú ìwé àtijọ́, "Oshogbo" ni ẹ ó rí, pẹ̀lú h. Ẹ kìlọ̀ fún atẹ̀wé náà pẹ̀lú, wọ́n ní "a bí i sínú ìdílé ọlọ́lá" kan tí wọ́n máa ń dà sí orí gbogbo òkú.

Alákámẹ́rà:
Kíá lórí àwọn nǹkan náà. Ẹ má ṣe láminéètì ìwé yẹn, ẹ má sì fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́: iná á jó o, gọ́ọ̀mù á sọ ọ́ di pupa, kò sì ní ṣeé tú mọ́. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé, ẹ yà á láìtan iná fóònù. Fọ́tò inú férémù ńkọ́? Ẹ wò ó bóyá ó ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Bó bá ti lẹ̀, ẹ má fà á, ojú bàbá ló máa kù lára gíláàsì. Ẹ yà á bẹ́ẹ̀, kí ẹnì kan di aṣọ dúdú mú lẹ́yìn ẹni tó ń yà á kí gíláàsì má baà máa dán. Bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí atẹ̀wé lórí WhatsApp, ẹ fi í ránṣẹ́ bíi "document", torí tí ẹ bá fi bíi fọ́tò lásán, á fún un pọ̀, á sì ṣú tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Mẹ́dà, aṣọ gbígbẹ ti tó. Brasso á pa lẹ́tà orí rẹ̀ rẹ́.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun:
Ẹ ṣé gan-an. Mo rí i nínú ìwé: dífíṣọ̀n kẹta. Àmọ́ màmá àgbà ní a ò gbọdọ̀ yọ Orè.

Bàbá Oníwèé:
Ẹ má yọ ọ́ nígbà náà. Ẹ kọ pé: "Bàbá fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn ìjà Orè fún wa."