Kí la ó pe àwòrán Màpó yìí? Ẹ jẹ́ ká yá orúkọ lọ́wọ́ aláró

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ìjíròrò.

Ìbéèrè àbúrò wa ló bí ọ̀rọ̀ yìí: ó fẹ́ kọ àkọlé lédè Yorùbá sábẹ́ àwòrán Gbọ̀ngàn Màpó kan, irú èyí tí wọ́n fi ásíìdì ṣe sára bàbà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Oníṣẹ́ ọnà náà fi pẹ́ńsù kọ 7/50 sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ni pé òun ni ìkeje nínú àádọ́ta tí wọ́n tẹ̀. Etching ni òyìnbó ń pè é. Bí a bá ní ká kọ ọ́ bó ṣe ń dún, ẹṣin ni yóò dà mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n wa ọmọ Ọ̀yọ́ ní ká pè é ní "àwòrán fífín", ọ̀pọ̀ yín sì ti ń kan sáárá sí wọn. Ẹ dákun, ẹ dúró ná.

Wọn ò jẹ̀bi, ìlú tí wọ́n ti ń fín igbá ni wọ́n ti wá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́ afíngbá: ọ̀bẹ rẹ̀ ló ń wọ ara igbá, ibi tí ọ̀bẹ bá dé náà ni ọnà dé. Ẹni tó ṣe àwòrán Màpó yìí kò fi irin gbẹ́ bàbà. Ìda ló kọ́kọ́ yọ́, tó fi pa ojú pẹlẹbẹ bàbà náà látòkè délẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú abẹ́rẹ́, ó ya òpó àti òrùlé sára ìda. Abẹ́rẹ́ kò ju kó ṣí ojú bàbà lọ. Ó wá rẹ ẹ́ sínú ásíìdì. Ibi tó ṣí sílẹ̀ ni ásíìdì ń jẹ. Ibi tí ìda bò, kò ráyè jẹ ẹ́. Ìlà tó bá fẹ́ kó fẹ́lẹ́, á tètè gbé bàbà jáde, á fi ohun tí ásíìdì kò lè jẹ bo ibẹ̀, á tún dá a padà kí ìyókù lè jìn sí i. Ìlà tó pẹ́ jù nínú ásíìdì ló máa jìn jù, òun ló máa gba tàdáwà jù, òun náà ló máa dúdú jù lórí ìwé.

Àbí iṣẹ́ aláró kọ́ ni mo ń ròyìn yìí? Ìyẹ́ adìẹ ni obìnrin tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ fi ń ya ọnà, ẹ̀kọ láfún ló sì fi ń yà á. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kì í mú un. Bó bá fẹ́ kó dúdú, á máa rì í sínú aró léraléra. Ohun kan ló yàtọ̀: ọnà tí aláró yà ló máa funfun, èyí tí oníbàbà yà ló máa dúdú.

Aṣọ tí a dì, tí a sì rẹ, la pè ní àdìrẹ. Bàbà tí a fín, tí a sì rẹ, ẹ jẹ́ ká pe àwòrán ara rẹ̀ ní àfínrẹ. Mo mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n máa sọ: abẹ́rẹ́ kàn họ ìda ni, kò fín nǹkan kan. Òótọ́ ni, àmọ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ náà kò ní okùn tí a fi dì í, kò sì sẹ́ni tó gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀. Rírẹ yẹn gan-an ni mi ò fẹ́ kó sọnù.

Àwọn aláró sì ti ya Màpó tipẹ́. Gbọ̀ngàn tí ẹnjiníà òyìnbó Taffy Jones kọ́, tí Ajẹ́lẹ̀ Ross ṣí ní 1929, òpó rẹ̀ ló wà lára àdìrẹ Ìbàdàndùn, síbí láàárín òpó sí òpó. Orúkọ tó ti ọ̀dọ̀ wọn wá kò ṣàjèjì sí ilé yẹn.

"Ẹ̀dà tó níwọ̀n" tí ẹlòmíì dá lábàá fún 7/50 ni mi ò fara mọ́ rárá. Ẹni tó bá gbọ́ ẹ̀dà, fọ́tòkọ́pì ló máa wá sí i lọ́kàn, á sì béèrè pé níbo ni ojúlówó wà. Kò sí ojúlówó kankan níbì kan: gbogbo àádọ́ta náà ló jẹ́ ojúlówó, torí fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n tún fi tàdáwà pa bàbà, tí wọ́n nù ún, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́. Bàbà kì í pẹ́ gbó lábẹ́ ẹ̀rọ, ìlà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá; òun náà wà lára ohun tó mú kí wọ́n máa ka iye. Bí iye bá pé, wọ́n á fa ìlà kọjá lójú bàbà kí ẹnikẹ́ni má baà tún tẹ̀ ẹ́. Bí ọlọ ṣe ní ìyá àti ọmọ, ẹ jẹ́ kí bàbà jẹ́ ìyá (ẹ má rẹ́rìn-ín, àmì ohùn ló ń jà), kí ìwé tó ti ara rẹ̀ jáde jẹ́ ọmọ.

Ní ti "ilé àwọn amúnisìn" tí ẹnìkan ní ká pe Màpó nínú àkọlé náà, ilé ayé òyìnbó ni àwọn àgbà wa ń wí, ó sì tó.

Ohun tí èmi ì bá kọ nìyí: "Gbọ̀ngàn Màpó, Ìbàdàn. Àfínrẹ. Ọmọ keje nínú àádọ́ta." Ó ku àwọn díẹ̀ tí oníṣẹ́ ọnà máa ń tẹ̀ fún ara rẹ̀, tí kì í kà mọ́ àádọ́ta. "Àtẹ̀wò" ló ń wá sí mi lẹ́nu. Ẹni tó bá ní èyí tó dùn jù ú lọ, kó mú un wá.