Kobold: ajá ni àbí aláǹgbá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ máa ń ṣeré Dungeons & Dragons, eré orí tábìlì tí a ti ń kó ipa akọni nínú ayé àròsọ. Iwin ilé àti iwin ihò kùsà ni kobold nínú ìtàn àtijọ́ Jámánì. Ara orúkọ wọn ni wọ́n ti mú orúkọ irin cobalt. Nínú eré yìí, ìwé ẹ̀dá abàmì tó jáde ní 1977 sọ pé wọ́n ní ìwo kékeré, wọn kò ní irun, gíga wọn kò sì ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ. Síbẹ̀, ojú ajá ni ayàwòrán fún wọn! Ẹ̀dà kejì tún ní wọ́n ń rùn bí ajá tí òjò pa. Ní 2000, ẹ̀dà kẹta sọ wọ́n di ẹ̀dá bí aláǹgbá tó ń sọ èdè dírágónì, àmọ́ ajá ṣì ni wọ́n nínú ọ̀pọ̀ eré àwọn ará Japan.

Tí a bá fẹ́ kó méjèèjì sínú ayé eré kan ṣoṣo, ṣé ẹ̀yà méjì ni ká pè wọ́n, àbí ìran kan tó pínyà? Ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí ló ń dà á rú: láti 1977 ni wọ́n ti ń yé ẹyin. Ajá wo ló ń yé ẹyin? Ẹni tó bá ti tò ó rí, báwo lẹ ṣe ṣe é?