Ẹja Kún Adágún Wa Bámúbámú, Kò Sí Èyí Tó Tó Jẹ

Ẹni tó bá ní adágún tí àwọn èèyàn ń wá fi ìwọ̀ pẹja ṣeré, kó gbọ́ ohun tí ojú mi rí.

Tiwa kò jìnnà sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní ilẹ̀ Benin), lọ́nà Adjarra. Bàbá mi ló gbẹ́ ẹ, èpìyà nìkan ló sì kó sínú rẹ̀. Nígbà tó di tèmi, mo ṣe ìjókòó díẹ̀ sábẹ́ àwọn ọ̀pẹ etí omi, mo ní kí ẹni tó bá fẹ́ pẹja lọ́jọ́ Ìsinmi máa san owó díẹ̀. Òfin kan péré ni mo ṣe: ẹja kékeré kò gbọdọ̀ lọ ilé, ẹ dá a padà sómi kó lè dàgbà. Mo rò pé àánú ni mò ń ṣe.

Nígbà tó fi máa di ọdún kẹta, ìwọ̀ ò tíì rì tán tí ẹja á ti gbé e. Ọmọdé kan fa bí ogún jáde láàárín wákàtí kan, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Orí wọn tóbi, ara wọn tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀yìn wọn mú bí abẹ. Mo ní ebi ló ń pa wọ́n, mo bá ń da èèrí àgbàdo sí i lójoojúmọ́. Ṣe ni wọ́n tún ń pọ̀ sí i. Tó bá di ìdájí, gbogbo wọn á gbé ẹnu sókè omi, wọ́n á máa mí hẹlẹhẹlẹ, torí pé afẹ́fẹ́ inú omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lóru. (Ní Songhaï, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí Fadá Nzamujo dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ níbí ní 1985, ẹja sísìn wà lára iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ni. Ó dùn mí pé n kò lọ béèrè lọ́wọ́ wọn.)

Bàbá apẹja kan láti Aguégués, àwọn abúlé orí omi nítòsí Àjàṣẹ́, ló là mí lójú. Mo kí wọn, mo rò fún wọn. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n fi àwọ̀n kékeré bu ẹja, wọ́n mú abo kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, wọ́n rọra ya á lẹ́nu sí mi lọ́wọ́. Ọmọ ẹja wẹ́wẹ́ dà jáde, ojú nìkan ni mo rí lára wọn, dúdú tíntìntín.

"Ọmọ mi, ṣé o rí i? Kékeré tí ò ń dá padà nìyẹn. Ìyá ọlọ́mọ ni."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Abo èpìyà a máa gbé ẹyin sẹ́nu títí yóò fi pa, nítorí náà ọmọ rẹ̀ kì í ṣòfò púpọ̀. Bí àyè bá sì ti há, tí oúnjẹ ò tó, kò ní dàgbà mọ́, ọmọ bíbí ni yóò gbájú mọ́.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn a fa omi náà títí ó fi kù sí orúnkún, a wọ́ àwọ̀n. Agbọ̀n lórí agbọ̀n! Àwọn ìyá tó ń yan ẹja ládùúgbò kó o ní pọ́ọ́kú. Bàbá kọ́ mi bí a ṣe ń yẹ ìdí ẹja wò: akọ ní ihò méjì, abo ní mẹ́ta. Ọrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ kán mi níbi tí mo ti tẹ̀ ba, tí mò ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Akọ ńláńlá la dá padà, torí akọ máa ń yára dàgbà ju abo lọ.

Wọ́n ní kí n kó àrọ̀ sí i kó máa jẹ ọmọ èpìyà. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe: n kò sé etí adágún. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lóru, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ipa àrọ̀ ló wà lórí koríko títí dé gọ́tà. Àrọ̀ máa ń wọ́ lọ lórí ilẹ̀ tútù. Bí ìdajì wọn ló lọ, mo sì sunkún owó mi. Lẹ́ẹ̀kejì, mo fi àwọ̀n yí adágún ká, mo sì ra àrọ̀ tó kéré ju èpìyà tó wà nílẹ̀ lọ, kó má baà gbé wọn mì.

Òfin ti yí padà: gbogbo èpìyà kékeré gbọ́dọ̀ bá yín lọ ilé, àrọ̀ ni kí ẹ dá padà. Àwọn oníbàárà àtijọ́ ń ráhùn pé ìwọ̀ ń pẹ́ nínú omi báyìí. Mo gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ìyá kan fa èpìyà kan jáde tó fi ọwọ́ méjèèjì gbé, ó ní kí n bá òun gbé e sórí ìwọ̀n.