Àwọn tó ń ka ọmọ láti ilé dé ilé: ta ni wọ́n ti kan ilẹ̀kùn ẹ̀ rí?

Àbẹ̀kẹ́ Òṣogbo: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará. Àwọn kan wọ àdúgbò wa lọ́jọ́sí, wọ́n láwọn ń ṣe sọ́fè ìlera ìyá àti ọmọ. Wọ́n gbé tábúlẹ́ẹ̀tì dání, pẹ̀lú pákó gígùn kan tí wọ́n fi ń wọn bọ́mọ ṣe ga tó. Wọ́n wọ ilé wa, wọ́n fo ilé tó tẹ̀ lé e, ni onítọ̀hún bá ń bínú pé ṣé òun ò bímọ ni 😂 Ta ló ti bá wọn pàdé rí? Kí ni wọ́n bi yín?

Ìyá Ìbejì: Ah, èmi rí wọn ní 2018, Ìbàdàn la wà nígbà yẹn. Ọmọbìnrin kékeré kan ló wá, ó ní ọmọ mélòó ni mo bí, mo ní mẹ́rin, ó ní rárá mà, àwọn tó wà lọ́dọ̀ yín mélòó, àwọn tó wà níbòmíì mélòó, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ ó ní ṣé ẹ ti bí èyí tó ké tàbí tó mí rí tí ò sí mọ́ báyìí. Ìyá ọkọ mi tó jókòó sórí ẹní gbọ́ ọ, wọ́n fi igbe ta, wọ́n ní a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ, ẹ lé e jáde! Ọmọ yẹn kúnlẹ̀ bẹ màmá, ó ní kí èmi àtòun wọ yàrá, àwa méjì péré. Ibẹ̀ ni mo ti sọ ọ́. A ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọmọ lórúkọ tán ni o. Ó bi mí ní oṣù àti ọdún tí mo bí i, mo sọ fún un, ó kọ ọ́. Ọkọ mi gan-an kò dárúkọ ọmọ yẹn létí mi rí látìgbà náà. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kò bi mí pé kí ló pa á.

Dúdúyẹmí: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ọlọ́run á dá àwọn tó kù sí.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun: Màmá yẹn tọ̀nà jàre. Iye tí mo bí kò kan ìjọba.

Títí Akúrẹ́: Bọ̀dá Ṣẹ́gun, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé fọ́tò gbogbo wọn sórí Facebook níjọjọ́ Sunday? A ti kà wọ́n tipẹ́ o 😂😂

Súpáfáísọ̀ Tẹ́lẹ̀: Mo ti bá Àjọ Ìkànìyàn ṣe iṣẹ́ yìí. Àbẹ̀kẹ́, ẹ sọ fún aládùúgbò yín kó má bínú, wọ́n á kọ́kọ́ to gbogbo ilé àdúgbò sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á yan díẹ̀ nínú ẹ̀. Ní 2018, àdúgbò 1,400 ni wọ́n mú káàkiri Nàìjíríà, ilé 30 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ ò bá sí nílé, a ò gbọdọ̀ torí ẹ̀ yà sílé kejì, a máa padà wá ni. Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ. Ìbéèrè tó dùn yín yẹn gan-an ni wọ́n fi mọ̀ pé nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n bí, 132 ni ò pé ọdún márùn-ún, torí ọ̀pọ̀ ibi ni kò sí ìwé tí wọ́n ń kọ ọmọ tó kú sí. Wọn kì í bèèrè ohun tó pa á lọ́jọ́ yẹn. Ní 2019 ni wọ́n padà lọ bá àwọn kan lára àwọn tọ́mọ wọn kú, láti bèèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Wọn ò padà wá bá èmi o.

Baba Ọlọ́gàrí: Ẹ dúró ná. 2013 wọ́n ní 128, 2018 wọ́n ní 132, 2023/24 wọ́n tún ní 110. Èwo ni ká gbà gbọ́? Ṣé ilé tí ò ju 42,000 lẹ wọ̀ tẹ́ ẹ fi ń sọ ti gbogbo Nàìjíríà?

Súpáfáísọ̀ Tẹ́lẹ̀: Baba, ṣé gbogbo àpò gàrí ni oníbàárà yín máa ń jẹ tán kó tó mọ̀ pé ó kan?

Baba Ọlọ́gàrí: A máa ń bu èyí tó dáa sórí àpò 😏

Títí Akúrẹ́: 🤣🤣🤣 ó pa á

Súpáfáísọ̀ Tẹ́lẹ̀: Ìdí nìyẹn tá a kì í fi í jẹ́ kí báálẹ̀ bá wa yan ilé. 128 àti 132 sì súnmọ́ra ju kéèyàn ní ó gòkè lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá wa jà, mo máa sọ ibi tẹ́ ẹ ti máa jà. Ní sọ́fè 2018 yẹn, ọmọ tí wọ́n bí láti 2013, ìbéèrè tiẹ̀ pọ̀ ju ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ: ìgbẹ́ gbuuru, ikọ́, ibà, ọmú, abẹ́rẹ́ àjẹsára. Òṣìṣẹ́ tó ti rẹ̀, tí oòrùn ń pa, á wá rọra kọ 2012 fọ́mọ 2013. Bí wọ́n bá to ọdún tí wọ́n bí àwọn ọmọ jọ tán, wọ́n á rí i pé ọmọ 2013 kéré níye, ọmọ 2012 pọ̀ rẹpẹtẹ. Mo ti dá èèyàn padà sílé tó ti wọ̀ rí lórí ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ṣadé: Ẹ ò tíì sọ ti káàdì. "Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ wá mà." "Eku ti jẹ ẹ́." "Ó wà lọ́wọ́ bàbá ẹ̀." "Ó ti gbà á tán, gbogbo ẹ̀ pátá!" 😂 Àti ibi tí wọ́n bímọ sí. Ní 2018 yẹn, 39 nínú 100 ọmọ ni wọ́n bí sílé ìwòsàn. Èmi ò ní mission house burú o, àmọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń ya lára abiyamọ, àdúrà nìkan kọ́.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun: Mission house ni wọ́n bí mi sí. Kí ló ṣe mí?

Títí Akúrẹ́: Ìyẹn ni gbogbo wa ń bi ara wa.

Mọ́ríyìkẹ́: Ti àdúgbò wa ló burú jù. Wọ́n gún ọmọ níka, wọ́n wo bóyá ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ tó, wọ́n tún wo jẹ́nótáìpù. Bàbá ní AA lòun, ìyá ní AA lòun, wọ́n ní ọmọ, AS. Ó di ariwo! Ìyá bàbá ní wọ́n ti gbé ọmọ ọlọ́mọ fọ́mọ òun.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun: Ẹ rí i! Sọ́fè tó ń tú ilé ká.

Nọ́ọ̀sì Ṣadé: Lábù wo ni bàbá yẹn ti ṣe tiẹ̀? Èèyàn pọ̀ tó kàn ń gbé AA kiri.

Ọmọ Kétu: Ní tiwa níbí, lápá Bẹ̀nẹ̀, 2017 sí 2018 ni wọ́n wá. Fáransé ni ìbéèrè, ẹni tó gbé e wá ló ń fi èdè wa sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí n ka gbogbo ọmọ tí ìyá mi bí, látorí àkọ́bí, ààyè àti òkú. Ilé olórogún ni wọ́n bí mi sí, mo ti ń ka tìyàwó kejì lọ, ó ní kí n yọ wọ́n. Kò dùn mọ́ mi nínú, nílé wa a kì í ya ọmọ sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wá kan ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó kú sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ó ní ṣé oyún wà nínú ẹ̀? Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Ẹnìkan kàn wá sọ fún wa pé ó ti kú ni.

Súpáfáísọ̀ Tẹ́lẹ̀: Ibẹ̀ gan-an ló ti ń jò. Ọ̀dọ̀ ọmọ ìyá ni wọ́n ti ń mọ iye abiyamọ tó ń kú, ọmọ ìyá ò sì lè mọ oyún tí kò tíì yọ, tàbí èyí tí wọ́n lọ ṣẹ́ níkọ̀kọ̀. Ní Nàìjíríà, sọ́fè 2018 ní 512 nínú 100,000 ọmọ tí wọ́n bí láàyè, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní ó lé ní 1,000 ní 2020.

Baba Ọlọ́gàrí: Ìlọ́po méjì! Ẹ ṣáà ní kí n gbà.

Ará Peckham: Ẹ máa jà lọ, ẹni tó ń sanwó ẹ̀ ti lọ. Látọdún 1984 ni USAID, àjọ ìrànwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ti ń gbọ́ bùkátà sọ́fè tá à ń sọ yìí, DHS ni wọ́n ń pè é, ó ti dé orílẹ̀-èdè tó lé ní 90, wọ́n sì já a jù sílẹ̀ ní February 2025. Gates Foundation ló fi owó díẹ̀ gbé e dúró.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí ló kan Amẹ́ríkà nínú iye ọmọ tí mo bí?

Nọ́ọ̀sì Ṣadé: MICS, sọ́fè ti UNICEF, ṣì wà o, Bọ̀dá Ṣẹ́gun, wọ́n ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín.

Dúdúyẹmí: Mọ́ríyìkẹ́ jọ̀ọ́, bàbá yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n tún un ṣe?

Mọ́ríyìkẹ́: Wọ́n tún un ṣe, bàbá fúnra ẹ̀ ni AS. Àmọ́ ìyàwó ti kó lọ sílé ìyá ẹ̀, ó ní àfi kí ìyá ọkọ òun wá bẹ òun.

Títí Akúrẹ́: Kó má padà tètè o!